Owó ibodè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìwé àti ìdádúró ló kù: ìbéèrè àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè tí àwọn oníṣòwò máa ń bi mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo kó jọ sísàlẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ra kajú, òrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà, tí wọ́n sì fẹ́ gba ọ̀nà Ṣakí tàbí ilẹ̀ Ìbàrùbá wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ kí èèyàn lè kà á kó tó kó owó rẹ̀ lé ọjà.

Kí tilẹ̀ ni òfin òwò tí kì í ṣe ti owó ibodè?

Ọjà tó bá ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn máa ń pàdé nǹkan méjì. Èkíní ni owó: kọ́sítọ̀ọ̀mù á wo ọjà, á ṣírò ìdá kan nínú iye rẹ̀, ẹ ó san án, ẹ ó gba rìsíìtì, ó parí. Èkejì ni gbogbo ohun yòókù tí ìjọba là sílẹ̀ kí ọjà tó lè kọjá: ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò kò sí nínú rẹ̀, àyẹ̀wò oníkẹ́míkà, nọ́ńbà NAFDAC, ohun tó gbọ́dọ̀ wà lára àpò, iye tó lè wọlé, ibodè tó gbọ́dọ̀ gbà, títí dé orí kí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá rárá. Àjọ UNCTAD, tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pín irú àwọn òfin yìí sí orí 16, tọjà tó ń wọlé àti tọjà tó ń jáde.

Àwọn mìíràn tún wà tí kò sí nínú ìwé òfin kankan, síbẹ̀ tí wọ́n ń dá ọjà dúró ju òfin lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n dá dúró lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó dé ẹnu ibodè wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì tí ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé kò sí níjókòó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe náà wà nínú rẹ̀, nítorí wákàtí tí tírélà fi há sínú kòtò, orí ọjà ló ń já sí.

Èmi ò kọjá ibodè rí o. Ọjà Jagun ni mo ti ń tà. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ó kàn yín. Ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè tí ẹ ń tà, láti 2016 ni ìjọba ti ní kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Mọ́tò tokunbo tí ọmọ yín fẹ́ rà, láti oṣù kìíní 2017 ni ó ti di pé inú ọkọ̀ ojú omi nìkan ló gbọ́dọ̀ bá wọlé. Àlùbọ́sà àti màlúù tó ń ti Niger wá, ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ti ibodè yẹn pa ní 2023. Kò sí ẹni tó fi owó ibodè kún ọjà yìí, àmọ́ iye tí ẹ rà á yí padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohun tí àwa ń tà jáde. Àgbẹ̀ tó ní oko kajú lẹ́yìn ìlú lè má mọ ẹnu ibodè, ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń rà á lọ sókè òkun kò bá rí ìwé gbà ní àkókò, wọn kò ní wá sí oko rẹ̀, àwọn tó bá sì wá yóò dá iye tó wù wọ́n lé e.

Wọ́n ní ECOWAS ti fagi lé owó ibodè. Kí ló dé tí ọjà ṣì ń há?

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975. Láti 1979 ni ètò tí wọ́n ń pè ní ETLS ti sọ pé ọjà oko tí a kò tíì fi ṣe nǹkan mìíràn, ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ lè kọjá láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láìsan owó ibodè. Ní 1990 wọ́n fi ọjà ilé iṣẹ́ kún un, tó bá ti jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é ní tòótọ́. Láti oṣù kìíní 2015 sì ni owó ibodè tí à ń gbà lórí ọjà ilẹ̀ òkèèrè ti di ọ̀kan náà, ìpele márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Owó lọ, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan di àkójọ tirẹ̀ mú. Nàìjíríà ní àkójọ ọjà tí kò gbọdọ̀ wọlé: adìẹ inú yìnyín, òróró tí wọ́n ti sẹ́, sìpàgẹ́tì, ọṣẹ tí wọ́n ti dì fún títà, aṣọ òkìríkà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ ní Kutọnu lè mú ìwé ECOWAS dání, kí àkójọ yìí sì máa dúró dè é ní Sèmè. Ìwé méjì ń bá ara wọn jà, oníṣòwò ló sì ń sùn sẹ́nu ibodè títí wọn ó fi parí ìjà.

Mo fẹ́ gbé ọjà lọ Parakou ní Bẹ̀nẹ̀. Ìwé wo ni kí n ní?

Kí ẹ tó ronú ìwé, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Nàìjíríà tilẹ̀ gbà kí ọjà náà jáde. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà. Àgbàdo wà nínú àkójọ ohun tí kò gbọdọ̀ jáde. Gẹdú àti pákó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awọ ẹran tí wọn kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí, irin àlòkù, àti rọ́bà tútù. Mo ti bá àwọn ìyá pàdé tí wọ́n ti ń ta àgbàdo láti ọdún pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún wọn rí.

Tí ọjà yín kò bá sí nínú àkójọ yẹn, ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tó ń rí sí ọjà tó ń jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kó ọjà jáde. Ọjà oko nílò ìwé ìlera ohun ọ̀gbìn láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ tó ń ṣọ́ kòkòrò àti àrùn nínú ohun ọ̀gbìn àti ẹran. Wọ́n wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Oúnjẹ tí a ti ṣe tí a sì dì, NAFDAC ló kàn. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ àǹfààní ETLS lórí ọjà tí a ti fi ẹ̀rọ ṣe, ẹ nílò ìwé orísun ọjà (ìwé tó fi ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà hàn), NACCIMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, ló sì ń fún èèyàn. Ọjà oko tútù kò nílò ìwé orísun yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta á fún yín. Ọkọ̀ nílò ìwé ìbánigbófò ECOWAS aláwọ̀ búráùn. Ẹ̀yin fúnra yín, ọmọ ECOWAS lè wọ orílẹ̀-èdè ECOWAS mìíràn kó sì lò tó 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà, tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ṣì wà láàyè.

Ẹ pe NAQS kí ẹ tó di ọjà sínú ọkọ̀. Ojú wọn gbọ́dọ̀ rí ọjà náà, ìwé tí wọ́n bá sì kọ, iye àpò àti orúkọ ọjà inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá a mu. Àpò kan tó bá lé ju ohun tó wà nínú ìwé lọ ti tó láti fi da odindi ọkọ̀ dúró.

Ó jọ pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kò ní wàhálà yìí. Àwa kékeré nìkan ni wọ́n ń fi òfin yìí dè?

Òfin kan náà ni fún gbogbo wa, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣírò rẹ̀. Ká ní gbogbo ìwé ọjà kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí a fi lọ gbà á ní Ìbàdàn, jẹ́ ₦100,000. Mo kàn mú iye yẹn láti fi ṣàlàyé ni. Ilé iṣẹ́ tó ń kó àpò èlùbọ́ 500 yóò pín in sórí àpò 500, ₦200 ni yóò bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó kó àpò 10 yóò pín in sórí 10, ₦10,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Èrè orí àpò kan gan-an lè má tó iye yẹn. Owó ibodè kì í ṣe báyìí: ẹni tó kó púpọ̀ san púpọ̀, ẹni tó kó díẹ̀ san díẹ̀. Ìwé kò mọ ẹni tó kó díẹ̀.

Ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ̀ bá fi dúró ní ibodè Chikanda nílẹ̀ Ìbàrùbá, ilé iṣẹ́ ńlá á kọ ọ́ sínú ìnáwó ọdún. Ẹni tó yá owó àjọ alájẹṣẹ́kù, èlé ń ròkè lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ata inú ọkọ̀ sì ń rọ̀. Wọn kì í ka ìyẹn sí owó orí, ṣùgbọ́n owó ni.

Èyí tó sì dùn mí jù ni ti ìròyìn. Wọ́n lè yí òfin padà ní Àbújá tàbí ní Kutọnu láàárọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ní éjẹ́ǹtì tó máa pè é lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá wa yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ibodè, lẹ́nu òṣìṣẹ́ tó dúró síwájú rẹ̀. Ẹni tó ń ka òfin fún un ló tún ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ òfin àti èyí tó jẹ́ ẹ̀gúnjẹ?

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn ẹgbẹ́ ọjà wa pé kí wọ́n para pọ̀ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n máa kó ọjà ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún jáde lórúkọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìwé kan. Ẹni kan nínú ẹgbẹ́, tó mọ̀wé díẹ̀, kó jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ láti máa wo ohun tó yí padà. Iṣẹ́ ni, kí wọ́n sì sanwó fún un.

Ṣé kò yá kí wọ́n kúkú fagi lé gbogbo òfin náà?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀wà. Ní 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró, nítorí pé oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà. Àwa kan sọ nígbà náà pé òyìnbó kò fẹ́ kí a jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí àwọn ará Yúróòpù kò jẹ yẹn, ta ló jẹ ẹ́? Àwa ni, àti àwọn ọmọ wa nílé ìwé. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sínú àpò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ kò mọ orílẹ̀-èdè.

Ti ẹ̀pà àti àgbàdo tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, májèlé tí olú tó ń hù lára ọkà tí kò gbẹ dáadáa máa ń mú jáde. Ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀, sísè àti yíyan kò sì lè pa á tán. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ yẹ ẹ̀pà wò, á mú irin ṣóńṣó kan tó ní ihò nínú, á tì í bọ ẹ̀gbẹ́ àpò, á fà á yọ, ẹ̀pà díẹ̀ á bá a jáde. Á ṣe é lókè, láàrin, nísàlẹ̀ àpò, láti inú àpò bíi mélòó kan. Á da á sórí àtẹ, á máa fi ìka yà á. Èyí tó ti bu, èyí tó hunjọ, èyí tí kòkòrò ti lu, á ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyókù á lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ̀pà tí wọ́n sá sórí ilẹ̀ lásán tí òjò kan bá bà lé kì í yọ nínú ìdánwò yìí. Èyí tí wọ́n sá sórí tàpólì, tí wọ́n sì kó wọlé kí ìrì tó sẹ̀, ìyẹn máa ń yọ.

Àmọ́ òfin rere náà lè di ìdènà, bí wọ́n bá ṣe lò ó. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2021, Kẹ́ńyà kọ lẹ́tà kan tó fi dá àgbàdo láti Uganda àti Tanzania dúró lójijì nítorí aflatoxin yìí kan náà. Ọkọ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi yí i padà, wọ́n wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó o wọlé forúkọ sílẹ̀, kí ìwé àyẹ̀wò sì bá ọjà rìn. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn yẹn ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́. Ìlera tí wọ́n ń dáàbò bò kò yí padà láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe lo òfin ló yí padà, ó sì tó láti mú kí òwò tún máa lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí kajú àti òrí? Iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ìbéèrè yìí pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí kajú Ògbómọ̀ṣọ́ àti òrí Ṣakí, Kìṣí àti Ìgbẹ̀tì ni owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ ní agbègbè wa.

Bẹ̀nẹ̀ fi òfin lélẹ̀ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2024, kajú tútù kò gbọdọ̀ jáde ní ilẹ̀ wọn mọ́. Kí ilé iṣẹ́ pa á, kí wọ́n yọ kóró rẹ̀, kó tó jáde. Wọ́n ti kọ́ ọgbà ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Glo-Djigbé lẹ́bàá Kutọnu fún irú iṣẹ́ yìí. Nàìjíríà náà, ní oṣù kẹjọ 2025, fòfin de kóró òrí tútù pé kò gbọdọ̀ jáde fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa fún òrí fúnra wa.

Mo fara mọ́ ète òfin méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ta kóró kí ẹlòmíràn tó fi ṣe òróró ara tó sì tà á padà fún wa ní iye tó jẹ́ pé ọmọ wa kò lè rà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìnira kọ́kọ́ bọ́ sí. Obìnrin tó jí ní ìdájí, tó ń ṣa òrí nínú igbó kí ejò tó jí, tó sè é, tó sá a, tó fọ́ ọ, kò ní ilé iṣẹ́. Ẹni tó ń rà á lọ sí òkèèrè kò lè rà á mọ́. Ilé iṣẹ́ tó wà nílé kò tíì tó láti ra gbogbo rẹ̀. Nígbà náà, iye á wálẹ̀, òun ló sì máa gbé e. Èrè, tó bá dé, ọwọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ dé.

Ohun kejì: tí orílẹ̀-èdè kan bá dá ọjà dúró tí aládùúgbò rẹ̀ kò sì dá a dúró, ọjà náà á wá ọ̀nà lóru. Ààlà tó wà láàrin ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Bẹ̀nẹ̀ kò ní ògiri. Ìjọba méjèèjì ì bá jókòó pọ̀ kí wọ́n tó kọ òfin, kí wọ́n kéde rẹ̀ kí àkókò ìkórè tó dé, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn obìnrin wọ̀nyí rí ẹ̀yáwó ẹ̀rọ kí ọjọ́ òfin tó pé.

Fún ẹni tó ń ta kajú, bí ọjà yín bá dára, ìyẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń ra kajú á bu kílò kan nínú àpò, á fi ọ̀bẹ gé kóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, á wo inú rẹ̀: funfun, tó ní àbàwọ́n, tó ti rà, tó ṣófo. Iye tó máa san, inú ìṣù kékeré yẹn ló ti máa kà á. Kajú tí a sá dáadáa tí a kò pò mọ́ ti èṣí máa ń gba owó tó dára, òfin yòówù kó wà lóde.

Títì tí wọ́n ti ibodè pa ní 2019, ṣé òfin òwò náà ni?

Òun ni ó le jù nínú gbogbo wọn. Ní oṣù kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ pa, wọ́n ní nítorí ìrẹsì fàyàwọ́ àti ohun ìjà. Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ń ṣí mẹ́rin nínú wọn: Sèmè, Illela, Maigatari àti Mfum. Ìdìrókò dúró di oṣù kẹrin 2022. Owó oúnjẹ lọ sókè nílé wa. Ọ̀pẹ òyìnbó àti tòmátì àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ rà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ wa tó ń kó ọjà lọ Gánà, tí wọ́n ní gbogbo ìwé ECOWAS pé, há pẹ̀lú oní-fàyàwọ́ lójú ọ̀nà kan náà.

Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì kan jèrè, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òfin tó ń fi ìyà ẹni tó rú òfin jẹ ẹni tó pa á mọ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti pa òfin mọ́.

Ti Niger yàtọ̀. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba níbẹ̀ ní oṣù keje 2023, ECOWAS ti ibodè mọ́ wọn. Wọ́n mú ìjìyà náà kúrò ní oṣù kejì 2024, Nàìjíríà sì ṣí ibodè tirẹ̀ ní oṣù kẹta. Ṣùgbọ́n Niger, Mali àti Burkina Faso ti bínú. Ní oṣù kìíní 2025 wọ́n jáde kúrò nínú ECOWAS. Ẹni tó ń bá ibẹ̀ ṣòwò, kó máa béèrè ipò tí nǹkan wà kí ó tó gbéra.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Gánà. Ṣé ECOWAS kò ti fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn?

Kò sí ìlú tí ìbéèrè yìí kàn tó Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá àti ìyá wa ti ta òwò kárí Gánà, láti Àkrá dé Tamale àti àwọn abúlé àríwá, kí Gánà tó gba òmìnira. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò. Àwọn tó ti kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, kó ẹrù tí ọwọ́ wọn ká. Títí dòní, ìdílé púpọ̀ nílùú wa ṣì ní ẹni tó padà dé lọ́dún yẹn. Àwa náà sì lé àwọn ará Gánà ní 1983. Ó yẹ kí a máa sọ ìyẹn pẹ̀lú.

Ìwé kan lásán ni wọ́n béèrè. Kò sí owó ibodè kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó tú ìṣòwò ọdún gbọọrọ ká.

Òfin ìdókòwò Gánà tí wọ́n ṣe ní 2013 fi ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Òfin náà ní àjèjì tó bá fẹ́ máa ra ọjà tà gbọ́dọ̀ ní owó òwò tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ọmọ Gánà ogún tó mọṣẹ́ sí iṣẹ́. ECOWAS ní àdéhùn tó sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ lè gbé, kó sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbikíbi, àwọn oníṣòwò Nàìjíríà sì ti ń fi àdéhùn yẹn jiyàn láti ìgbà tí wọ́n ti ń ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa. Kí ẹ̀gbọ́n yín bá lọ́yà ní Àkrá sọ̀rọ̀ kó tó san owó ṣọ́ọ̀bù.

Ṣé fàyàwọ́ kò wá rọrùn ju gbogbo èyí lọ?

Mo mọ ìdí tí èèyàn fi ń rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀nà igbó kò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gba ọjà rẹ̀, kò ní rìsíìtì. Bí awakọ̀ ọ̀kadà bá gbé àpò méjì sá lọ, kò lè pe ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ kan obìnrin ní ibi tí kò yẹ lójú ọ̀nà òru, kò mọ ẹni tí yóò sọ fún. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló mọ̀ pé kò lè fẹjọ́ sùn, iye tí wọ́n ń béèrè sì ń tẹ̀ lé ìyẹn. Ìjọba tó bá fẹ́ kí fàyàwọ́ dínkù, kó jẹ́ kí ọ̀nà tó tọ́ yá ju ọ̀nà igbó lọ, kí ó sì jẹ́ kí ìwé wà ní Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà máa rìn dé Ìbàdàn nítorí àpò mẹ́wàá.

Owó wọn ń kọ́? Sẹ́fà ni wọ́n ń ná.

Ìdènà ni òun náà. Púpọ̀ wa ṣì ń ṣẹ́ owó lọ́wọ́ àwọn tó dúró lẹ́nu ibodè. Láti oṣù kìíní 2022 ni ètò PAPSS ti bẹ̀rẹ̀, tí báńkì ní orílẹ̀-èdè kan fi lè sanwó sí òmíràn nílẹ̀ Áfíríkà, kí ẹni tó ń sanwó lo owó ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó ń gbà á gba ti ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín bóyá wọ́n wà nínú rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè tó dé.

Bí wọ́n bá dá mi dúró láìnídìí, ta ni kí n sọ fún?

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀: ọjọ́, wákàtí, orúkọ ibi náà, àjọ tó dá yín dúró, ohun tí wọ́n béèrè, iye tí wọ́n gbà àti bóyá wọ́n fún yín ní rìsíìtì. Ẹ béèrè lọ́nà pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n fi òfin náà hàn yín. Ẹ má bá wọn jà. Ẹrù yín ló wà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà, àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà, AfCFTA, tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ jọ fọwọ́ sí ní Niamey ní oṣù keje 2019, ní ojú-ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún irú ẹjọ́ yìí: tradebarriers.africa. Ẹ lè kọ ẹ̀sùn síbẹ̀, orílẹ̀-èdè tí ẹ fi sùn sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ ọjà bá kọ lọ pẹ̀lú ẹ̀rí ogún ènìyàn máa ń wúwo ju ti ẹnì kan lọ.

Máńgòrò wa ńkọ́? Ọdọọdún ni ó ń rà sẹ́bàá títì.

Ẹni tó bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá láàrin oṣù kẹta sí oṣù kẹfà mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ohun tó ń dá máńgòrò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dúró jù ni eṣinṣin èso kan, *Bactrocera dorsalis*, tó ti Éṣíà wá. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà ní 2003, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń yé ẹyin sínú máńgòrò tó ń pọ́n. Lójú, èso náà dára, ìgbà tí ẹ bá gé e ni ìdin á jáde. Ìdin kan nínú àpótí kan ti tó kí wọ́n kọ odindi ẹrù.

Máńgòrò gbígbẹ kò ní wàhálà yẹn, ìwé tirẹ̀ sì rọrùn ju ti tútù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ta tútù, kó máa kó èyí tó já bọ́ sílẹ̀ kúrò lábẹ́ igi lójoojúmọ́, kó sì sin ín jìn tàbí kó dì í sínú ọ̀rá dúdú sójú oòrùn, kí ìdin inú rẹ̀ kú. Kó fi ìdẹ pańpẹ́ kọ́ sórí igi láti ìgbà tí èso bá ti tó ẹyin adìẹ. Àti NAQS: ẹ kọ̀wé sí wọn ní oṣù kìíní, kí wọ́n lè wá wo oko kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Bí máńgòrò bá ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó pè wọ́n, ó ti pẹ́ jù fún ọdún yẹn.